Console kì í bá ẹnikẹ́ni pín dísìkì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Kí n ti ibi tó ń dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi hard drive ńlá mọ́ console, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù bíi PlayStation tàbí Xbox, tí ẹ sì gbà kó fọ́máàtì rẹ̀ fún géèmù, ìyẹn kó nù ún kó sì tún un tò, gbogbo dísìkì náà pátá ló máa gbà. Kò ní gba ìdajì. Kò ní wo ibi tí ẹ kọ géèmù sí kó wá fi ibi tí ẹ kọ àwòrán sí sílẹ̀. Ẹ pín in sí méjì ni o, ẹ pín in sí mẹ́rin ni o, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Ó máa nu gbogbo ìpín yẹn kúrò, á sì sọ dísìkì di tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí PlayStation 4 ṣe ń ṣe nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni PlayStation 5, bẹ́ẹ̀ ni Xbox One àti Xbox Series X àti S. Wii U tó ti pẹ́ lóde náà kò yàtọ̀.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí wà ní ipò tí mo wà. Console yín ti kún. PlayStation 4 àkọ́kọ́ gbé 500 GB jáde, PlayStation 5 àkọ́kọ́ gbé 825 GB jáde, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì ti jẹ lára rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ti Xbox Series S àkọ́kọ́ jẹ́ 512 GB. Géèmù kan ṣoṣo sì lè gba 100 GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó fi bíi márùn-ún sí i, ó ti ní kí ẹ lọ pa ọ̀kan rẹ́ kó tó lè gba òmíràn. Ẹ wá lọ ra dísìkì 4 TB tàbí 5 TB. Nígbà tí ẹ rí bó ṣe tóbi tó, ẹ ní kí gbogbo rẹ̀ má kàn jẹ́ ti géèmù, ẹ ó pín in, apá kan fún console, apá kan fún fáìlì ilé. Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni. Lórí kọ̀ǹpútà, ojoojúmọ́ là ń ṣe é, kò sì sí wàhálà kankan níbẹ̀. Lórí console ni kò ti ṣeé ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi kò sì tíì tutù lára mi rárá. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, kí ẹlòmíràn má baà bọ́ sí i.

Dísìkì 4 TB ni tèmi. Mo gbé e fún ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ fún un, ó sì bá mi pín in. Ní ti kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó lo GPT, kò lo MBR, ìyẹn ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà kọ àtẹ ìpín sórí dísìkì, màá ṣàlàyé wọn nísàlẹ̀. Ó ṣe ìpín méjì tó dọ́gba, èyí tí wọ́n ń pè ní partition, ó fi exFAT, ìyẹn ọ̀nà ìtò fáìlì kan, sí méjèèjì, ó sọ ọ̀kan ní GEEMU, ó sọ èkejì ní EBI, ìyẹn ẹbí. Ó ní console máa rí ìpín àkọ́kọ́, ìyẹn ló máa lò, kò ní fọwọ́ kan èkejì. Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó tún sọ ohun kan náà, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti ṣe é rí.

Inú EBI yẹn ni mo kó àwọn àwòrán ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sí. Kọ̀ǹpútà wọn ti ń kú lọ, ńṣe ló máa ń pa ara rẹ̀ bí wọ́n bá ń lò ó lọ́wọ́, wọ́n wá ní kí n bá àwọn gbé gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò kó tó pẹ́ jù. Àwòrán àwọn ọmọ wọn láti ìkókó ló wà níbẹ̀, àti àwọn fídíò bàbá wa nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ń já geere lẹ́nu wọn. Mo kó o tán, kò pẹ́ sí i, kọ̀ǹpútà yẹn kọ̀, kò tàn mọ́. Nítorí náà, ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù wà lórí dísìkì mi.

Mo ki okùn dísìkì bọ ẹ̀yìn console. Kíá ni ọ̀rọ̀ jáde lójú tẹlifíṣàn pé dísìkì USB kan ti dé, pé kò tíì ṣeé fi géèmù sí, pé kí n fọ́máàtì rẹ̀. Mo wọ inú ètò, mo yan dísìkì náà. Orúkọ rẹ̀ wà lókè, bó ṣe tóbi tó wà nísàlẹ̀: 4.0 TB. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú sí nọ́ńbà yẹn, torí òun gan-an ló yẹ kí ènìyàn fi mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìpín GEEMU nìkan ni console ń rí, 2 TB ló yẹ kó kọ. Ó kọ 4.0. Mo rí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó pín in ló wà lọ́kàn mi, mo gbà pé bí dísìkì ṣe tó lápapọ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ, pé apá tirẹ̀ ló máa mú bó bá yá. Ó kìlọ̀ pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ máa parẹ́. Mo ka ìkìlọ̀ yẹn dáadáa o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ńṣe ni mo kàn ń tẹ bọ́tìnnì. Ìpín GEEMU ṣófo, kí ló fẹ́ parẹ́ níbẹ̀? Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi irú ọ̀rọ̀ yẹn dá lójú máa gbà bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó tún bi mí, mo tún gbà.

Kò pẹ́ rárá. Kí n tó gbé páàdì lé orí tábìlì, ó ti parí, ó ní dísìkì ti wà ní sẹpẹ́ fún géèmù. Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí, ó ti ń pariwo pé ààyè ti wà, pé ká gbé géèmù bọ́ọ̀lù lọ síbẹ̀ ká wò ó bóyá ó máa ṣí. A gbé e lọ. Ó ṣí, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù tẹ́ra rẹ̀ lọ́rùn. Gbogbo àkókò yẹn, mi ò mọ̀ pé orí ohun tó jẹ́ tirẹ̀ là ń kọ géèmù lé.

Lálẹ́, mo fẹ́ kó àwòrán díẹ̀ látorí fóònù mi kún EBI. Mo pa console bó ṣe yẹ, mo yọ dísìkì, mo gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà. Windows ní kí n fọ́máàtì rẹ̀ kí n tó lè lò ó. Mo ní kò burú, apá ti console ló ń sọ, kọ̀ǹpútà kò lè kà á, mo pa ọ̀rọ̀ náà dé, mo wá ń wo ibi tí EBI máa ti yọ. Kò yọ. Mo yọ okùn, mo tún un kì bọ ojú ihò míì. Kò yọ. Mo pààrọ̀ okùn. Mo gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà míì. Ọ̀rọ̀ kan náà ló tún ń sọ, pé kí n fọ́máàtì. Mo ṣí Disk Management, ètò Windows tó ń fi àwọn ìpín dísìkì hàn. Ibi tí ìpín méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tẹ́lẹ̀, tí mo ti fojú ara mi rí GEEMU àti EBI níbẹ̀, ìlà gígùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò ní orúkọ, ó jẹ́ 3,726 GB láti etí dé etí. Iye tí Windows máa ń ka dísìkì 4 TB sí nìyẹn. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Àyà mi já. Ọwọ́ mi tutù, mi ò lè di mouse kọ̀ǹpútà mú dáadáa. Mo ń wo ìlà yẹn bí ẹni pé bí mo bá wò ó pẹ́, á pín sí méjì padà.

Ibi tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni mo wà tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè. Ọ̀rọ̀ míì ni wọ́n tìtorí ẹ̀ pè mí. Mi ò lè fi pamọ́ fún wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, dísìkì yẹn ti ní ìṣòro o."

"Dísìkì wo? Èyí tí o kó àwòrán mi sí?"

"Òun ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọn ò pariwo. Bí wọ́n bá tiẹ̀ pariwo lé mi lórí, ì bá sàn fún mi. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé iná fóònù wọn ti tán, wọ́n wá ní, "Fídíò bàbá ńkọ́?"

"Mo ṣì ń wá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀."

"Má fọwọ́ kàn án mọ́ títí wàá fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹni tó ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn ló sì gba ohun tó ṣeé gbà là. Mo yọ dísìkì, mi ò fi mọ́ nǹkan kan mọ́ títí ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ iṣẹ́ náà fi débẹ̀. Ó fi TestDisk wá ìpín tó ti sọnù, ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ so èso, ó wá lo PhotoRec. Ọ̀fẹ́ ni ètò méjèèjì. Ó ń ka dísìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń kó ohun tó bá rí sórí dísìkì míì tó yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwòrán ló jáde, láìní orúkọ, láìní fódà, lẹ́tà f àti nọ́ńbà gígùn nìkan ló wà lára wọn. Fídíò bàbá wa jáde, àfi èyí tó gùn jù nínú wọn. Ó wà níbẹ̀, kò ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń to àwòrán wọn sí ọdún ọdún títí di ìsinsìnyí. Mi ò ní fi àyè ṣòfò lórí ìyẹn, torí kì í ṣe bí a ṣe rí i padà ni mo fẹ́ sọ, bí kò ṣe bí ẹ ò ṣe ní débẹ̀ rárá.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, èyí tí màá tún sọ títí ó fi máa sú yín: dísìkì tó bá máa jẹ́ ti console, kó jẹ́ ti console nìkan. Kí ohunkóhun míì má sí lórí rẹ̀. Ẹ má pín in. Kò sí ọgbọ́n kankan tí ẹ lè ta sí pípín náà. Ẹ lè ṣe ìpín kékeré síwájú, ẹ lè ṣe é sẹ́yìn, ẹ lè fi NTFS, ọ̀nà ìtò fáìlì míì, sí ọ̀kan kí ẹ fi exFAT sí èkejì, bí console bá ti fọ́máàtì dísìkì fún géèmù, gbogbo rẹ̀ ló máa lọ. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn: console fúnra rẹ̀ ló ń kọ àtẹ ìpín tuntun sórí dísìkì, ó sì ń fi géèmù pamọ́ ní ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà yín kò lè kà. Ti Wii U tún le ju ìyẹn lọ, torí dísìkì tí Wii U kan bá ti fọ́máàtì, Wii U yẹn nìkan ló lè lò ó.

Ẹ tún rò ó wò báyìí. Géèmù tó bá parẹ́, ẹ lè tún un gbà látorí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ẹ tún un fi síbẹ̀ látinú disc. Ibi tí ẹ gbá a dé gan-an, ìyẹn save yín, kò sí lórí dísìkì ìta yẹn bó bá jẹ́ PlayStation 4 tàbí 5, inú console ló wà. Xbox náà ń fi ti yín pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, bí dísìkì géèmù bá bàjẹ́ lónìí, dátà àti àkókò nìkan lẹ máa fi ṣòfò. Àwòrán ọmọ ọdún kan tó ti di ọ̀dọ́, ibo lẹ fẹ́ ti gbà á padà? Ohun tó ní àrọ́pò àti ohun tí kò ní àrọ́pò, kí ló dé tí a fi ń kó wọn sínú dísìkì kan ṣoṣo? Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé dísìkì méjì náwó ju ọ̀kan lọ. Òótọ́ ni. Bí owó ò bá tó, ẹ ra kékeré fún console. PlayStation 4 àti 5 ń gba dísìkì láti 250 GB títí dé 8 TB, Xbox One sì ń gba èyí tó bá ti tó 256 GB. Dísìkì àlòkù 500 GB tó ṣì dára ti tó fún géèmù mélòó kan.

Nọ́ńbà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo tún fẹ́ tẹnu mọ́ ọn. Kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́máàtì lórí ẹ̀rọ èyíkéyìí, ẹ ka bí ohun tí ẹ fẹ́ fọ́máàtì ṣe tóbi tó. Bó bá jẹ́ pé iye gbogbo dísìkì ló wà lójú yín, gbogbo dísìkì ló máa lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó máa mú apá tirẹ̀ bó bá yá. Wọ́n sọ fún èmi náà.

Bí fọ́máàtì ṣe yá tó yẹn náà kò túmọ̀ sí pé kò ṣe nǹkan kan. Fọ́máàtì kíákíá kì í fi òdo bo gbogbo dísìkì, àtẹ tó ń sọ ibi tí fáìlì wà ló ń pa rẹ́, ó wá kọ tuntun. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan míì fi máa dé orí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fi gbà wá là, ìdí nìyẹn náà tí mo fi gbà pé géèmù bọ́ọ̀lù yẹn ló ba fídíò kan tó kù jẹ́. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ dúró. Ẹ má gbé géèmù kankan lọ síbẹ̀, ẹ má gbà nígbà tí Windows bá ní kí ẹ fọ́máàtì, ẹ má fi ètò tó ń wá fáìlì sórí dísìkì yẹn kan náà. Orí dísìkì oníyípo, hard drive gidi, ni mo ń sọ o. Bó bá jẹ́ SSD, ìyẹn dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ni, ẹ̀rọ máa ń sọ fún un pé ibi tí wọ́n ti pa rẹ́ ti ṣófo, SSD náà á sì tún ibẹ̀ nù nínú ara rẹ̀. TRIM ni wọ́n ń pe ìyẹn. Bí ó bá ti nù ún, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ní ti GPT àti MBR, nǹkan tó ń da àwọn ènìyàn láàmú jù nípa dísìkì ńlá nìyí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. MBR ti wà láti ọdún 1983. Nọ́ńbà 32-bit ló fi ń ka àwọn sector orí dísìkì, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí a pín ojú dísìkì sí, sector kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ byte 512 lórí ọ̀pọ̀ dísìkì, nítorí náà kò lè kà kọjá nǹkan bíi 2.2 TB. Bí ẹ bá fi MBR sí dísìkì 4 TB, Disk Management máa fi 2,048 GB hàn yín tó ṣeé lò, á sì fi nǹkan bíi 1,678 GB sílẹ̀ tí ẹ ò lè ṣe ohunkóhun sí. Dísìkì yín kò bàjẹ́, ẹni tó tà á fún yín kò rẹ́ yín jẹ. Ẹ yí i sí GPT, gbogbo rẹ̀ á yọ. Àmọ́ ẹ rántí pé yíyí i pẹ̀lú Disk Management tàbí diskpart, ètò Windows tí a ń tẹ àṣẹ sí, máa ń béèrè pé kí dísìkì kọ́kọ́ ṣófo. Fún dísìkì tí console máa lò fún géèmù, ẹ ò tiẹ̀ nílò láti yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Console máa ṣe èyí tó wù ú. Ohun tí mo ń sọ láti òkè wá náà ni.

Ibi tí fọ́máàtì tí ẹ bá yàn fúnra yín ti wúlò ni dísìkì tí ẹ fẹ́ fi wo fíìmù, gbọ́ orin, tàbí kó àwòrán orí console jáde. FAT32, tí òun náà jẹ́ ọ̀nà ìtò fáìlì, kò lè gba fáìlì kan tó tó 4 GB, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni ètò fọ́máàtì Windows tí a mọ̀ kò fi gbà kí ẹ fi FAT32 sí ohun tó ju 32 GB lọ. exFAT, tí Microsoft gbé jáde ní 2006, kò ní ìdíwọ́ méjèèjì yẹn, Windows àti Mac sì ń kà á. PlayStation 4 ń ka FAT32 àti exFAT, kì í ka NTFS. Xbox One ń ka NTFS. PlayStation 3 ń béèrè FAT32. Àṣìlóye tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn máa ń fi exFAT sí dísìkì fún PlayStation 4, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì ìdí tó fi tún ní kí wọ́n fọ́máàtì kó tó gba géèmù. Ti fíìmù yàtọ̀, ti géèmù yàtọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ méjèèjì, dísìkì méjì ni. Mo ti tún un sọ.

Ẹ tún ṣọ́ra fún diskpart. Ó dára, ó lágbára, kì í sì bi yín lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ bá tẹ clean, ó ti lọ nìyẹn. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ yọ gbogbo dísìkì ìta míì kúrò lára kọ̀ǹpútà, kì í ṣe pé kí ẹ kàn fi ojú fo wọ́n o, ẹ fà wọ́n yọ. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ list disk, ẹ wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, ẹ yan tiyín, ẹ tún tẹ list disk lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ rí i pé ìràwọ̀ kékeré wà níwájú èyí tí ẹ yàn. Ọ̀rẹ́ tó bá mi rí àwòrán padà ṣe é bẹ́ẹ̀ níwájú mi, ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà, ó ń ka nọ́ńbà sókè. Mo rò ó pé bí ẹni tó kọ́kọ́ pín dísìkì mi bá ní irú sùúrù yẹn, a ò ní débẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù: USB 3.0 ni kí ẹ lò. Lórí PlayStation 5 àkọ́kọ́, ihò USB tó fẹ̀ tó wà níwájú kò yá tó fún dísìkì géèmù, ẹ fi mọ́ ẹ̀yìn. PlayStation 4 àti 5 kì í fẹ́ kí dísìkì géèmù gba orí hub, ìyẹn ohun tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀. Géèmù PlayStation 5 fúnra rẹ̀ kò lè ṣí látorí dísìkì USB, ẹ lè tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ láti 2021, àmọ́ ẹ máa gbé e padà sínú console kí ẹ tó gbá a. Ti PlayStation 4 ń ṣí níbẹ̀ dáadáa. Bákan náà ni àwọn géèmù tí wọ́n ṣe fún Xbox Series X àti S gan-an, orí USB wà fún ìtọ́jú nìkan fún wọn. Ẹ má fa okùn yọ nígbà tí console ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó jọ̀wọ́ dísìkì sílẹ̀ ná.

Ó ku ọ̀nà tí ẹ ó fi gba dísìkì lọ́wọ́ console padà, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé ó ti kú nígbà tí kọ̀ǹpútà kò bá rí i. Kò kú. Ẹ kọ́kọ́ gbé géèmù tí ẹ bá fẹ́ pamọ́ padà sínú console. Lórí Windows, ẹ ṣí diskpart, ẹ tẹ list disk, ẹ yan án pẹ̀lú select disk àti nọ́ńbà rẹ̀, ẹ tẹ clean, ẹ tẹ convert gpt, ẹ tẹ create partition primary, ẹ tẹ format fs=exfat quick, ẹ sì tẹ assign kó lè gba lẹ́tà. Ó máa yọ bíi tuntun, 3.63 TB fún èyí tó jẹ́ 4 TB. Bí ó bá ti di ti kọ̀ǹpútà báyìí, tó jẹ́ pé kò ní padà sọ́dọ̀ console mọ́, ẹ lè wá pín in bó bá ṣe wù yín.